Rírà bọ́ọ̀lù, báàtì àti jẹ́sì béésìbọ́ọ̀lù àtijọ́: bí a ṣe ń yẹ ọjà wò kí á tó sanwó

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ilé gbàǹjo Heritage ní Amẹ́ríkà ta jẹ́sì kan ní mílíọ̀nù 24.12 dọ́là. Babe Ruth ti ẹgbẹ́ Yankees ló wọ̀ ọ́ ní World Series (ìdíje àṣekágbá ọdọọdún) ọdún 1932, ní pápá Wrigley Field ní Chicago, lọ́jọ́ tí wọ́n ní ó nawọ́ síbi tí òun máa gbá bọ́ọ̀lù sí kó tó gbá a síbẹ̀. Ní 2005, 940,000 dọ́là ni wọ́n ta jẹ́sì yìí kan náà. Mo gbà pé ọjà ti gbówó lórí láàárín ìgbà náà, àmọ́ nǹkan mìíràn wà níbẹ̀: kí gbàǹjo 2024 tó wáyé, àwọn tó mọ iṣẹ́ ti gbé aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fọ́tò ọjọ́ yẹn, wọ́n wo ojú rírán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé òun gan-an ni.

Ìtàn kò ṣòro láti sọ. Ẹnikẹ́ni lè ní bàbá bàbá òun bá Ruth jẹun rí. Ohun tí ẹ máa sanwó fún ni ẹ̀rí tó wà lára ọjà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ yín ni láti wá ọjọ́ kan, orúkọ kan tàbí òwú kan tó máa já ìtàn náà nírọ́. Bí ẹ bá wá a títí tí ẹ kò rí i, ẹ lè wá máa ronú owó. Ẹni tó ti ra mọ́tò tòkunbọ̀ rí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí: ọ̀dà ara mọ́tò máa ń dán, nọ́ńbà ṣáásì là ń bèèrè.

Mo ń kọ èyí fún àwa tí a wà nílùú tí eré yìí wà. Àwọn ọmọ tí a bí sí Houston, Chicago tàbí Baltimore ti gba béésìbọ́ọ̀lù ní eré tiwọn, àwọn òbí kan sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í náwó lé e láì mọ ohun tí wọ́n ń rà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ohun tí wọ́n ń tà fún yín

Oríṣi mẹ́ta ló wà, àárín wọn sì ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ jù. Game-used ni ohun tí wọ́n lò nínú eré gan-an. Game-issued ni èyí tí wọ́n ṣe fún agbábọ́ọ̀lù náà, tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó lè fi hàn pé ó gbé e dé pápá. Ẹ̀kẹta ni ti ìsọ̀, tí gbogbo ayé lè rà. Iye owó wọn jìnnà síra gan-an. Nígbà tí olùtajà bá ń sọ pé “irú èyí tí wọ́n ń lò nínú eré ni,” ẹ fetí sí “irú” yẹn dáadáa, òun ló ń sọ òótọ́ inú gbólóhùn náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yan ọ̀nà tóóró kan: ẹgbẹ́ kan, sáà kan, tàbí báàtì nìkan. Ẹni tó ń ra gbogbo nǹkan kì í mọ ọ̀kankan dáadáa tó láti rí àbùkù rẹ̀.

Ẹ fi bọ́ọ̀lù tó ní sítíkà MLB bẹ̀rẹ̀

Ní àwọn ọdún 1990, ìbuwọ́lùwé ayédèrú gba gbogbo ọjà kan. Àjọ FBI dọdẹ àwọn oníṣẹ́ náà nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní Operation Bullpen, wọ́n sì ya wọ ilé wọn ní California ní oṣù kẹwàá ọdún 1999. Lára ohun tí wọ́n bá ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n kọ orúkọ Mother Teresa sí. Mother Teresa! Ìgbà wo ni ìyá náà ráyè béésìbọ́ọ̀lù? Tony Gwynn, ìràwọ̀ ẹgbẹ́ San Diego Padres, rí ìbuwọ́lùwé rẹ̀ tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́ nínú ìsọ̀ ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an. Èyí ló mú kí MLB, àjọ tó ń darí eré náà, dá ètò ìfìdímúlẹ̀ sílẹ̀ ní 2001.

Bí ètò náà ṣe ń lọ rèé. Aláyẹ̀wò kan, tó jẹ́ ọlọ́pàá tàbí ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì, máa ń wà ní pápá nígbà eré kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀ láti pápá títí tó fi dé ọwọ́ rẹ̀ ló ń lẹ sítíkà mọ́. Sítíkà náà ní lẹ́tà àti nọ́ńbà; bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí ìkànnì MLB, ẹ óò rí ọjọ́ eré, ẹgbẹ́ méjèèjì, àti nígbà púpọ̀, ẹni tó ju bọ́ọ̀lù náà àti ẹni tó dúró láti gbá a. Bí ẹnikẹ́ni bá gbìyànjú láti ṣí i kúrò, ńṣe ló máa ya.

Ohun kan wà tó máa ń dun àwọn òbí: bọ́ọ̀lù tí ọmọ yín hán láàárín èrò kì í gba sítíkà. Ó ti wọ àárín èrò, ojú aláyẹ̀wò ti kúrò lára rẹ̀. Àfi bí eré bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń retí àmì ìtàn kan nínú rẹ̀, irú bí ìgbà tí Aaron Judge ti Yankees ń lé home run (ìgbá tó gbé bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá) kejìlélọ́gọ́ta ní 2022. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi àmì ìkọ̀kọ̀ sára bọ́ọ̀lù ṣáájú. Torí náà, bí ẹnì kan bá ń ta bọ́ọ̀lù “tí mo hán lọ́wọ́ ara mi ní 1998,” ìtàn nìkan lẹ ń rà.

Bọ́ọ̀lù tí agbábọ́ọ̀lù tí kò lókìkí lò lè má tó ọgọ́rùn-ún dọ́là ní ìsọ̀ àwọn ẹgbẹ́. Ẹ ra ọ̀kan, kì í ṣe torí èrè, kí ẹ lè kọ́ bí bọ́ọ̀lù tó ti inú eré jáde ṣe rí. Bọ́ọ̀lù tuntun nínú páálí máa ń funfun báláú, ó sì máa ń yọ̀ lọ́wọ́. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ẹrẹ̀ pa gbogbo èyí tí wọ́n máa lò. Etí omi kan tó ń ṣàn sínú odò Delaware, ní apá New Jersey, ni wọ́n ti ń bu ẹrẹ̀ yìí. Lena Blackburne ni wọ́n ń pè é lọ́jà, American League, ọ̀kan nínú líìgì méjì tó wà lábẹ́ MLB (èkejì ni National League), sì ti ń lò ó láti 1938. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù yín sábẹ́ iná, ẹ sì fi awò kékeré wò ó. Ara rẹ̀ á ti pọ́n díẹ̀, ẹrẹ̀ á ti sá pamọ́ sínú àwọn ihò wínníwínní ara awọ, á sì dúdú díẹ̀ lẹ́bàá òwú pupa. Ẹ wá ibi tí igi ti kàn án: awọ ibẹ̀ á tẹ̀, á sì dán ju ibi yòókù lọ. Bí wọ́n bá wá gbé bọ́ọ̀lù òde òní tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú wá lọ́la pé inú eré ló ti wá, ẹ bi wọ́n pé ẹrẹ̀ rẹ̀ dà.

Bọ́ọ̀lù àtijọ́ tí wọ́n buwọ́ lù

Ibí ni ayédèrú pọ̀ sí jù, ibí náà ni ìmọ̀ díẹ̀ ti ń gbà yín lọ́wọ́ wàhálà ńlá. Kí ẹ tó wo ìbuwọ́lùwé rárá, ẹ wo òǹtẹ̀ tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára bọ́ọ̀lù. Títí di 1999, orúkọ ààrẹ líìgì ló máa ń wà lára bọ́ọ̀lù tí wọ́n fàṣẹ sí. Ní American League: Will Harridge láti 1931, Joe Cronin láti 1959, Lee MacPhail láti 1974, Bobby Brown láti 1984. Ní National League: Ford Frick láti 1934, Warren Giles láti 1951 títí dé 1969, Chub Feeney láti 1970 sí 1986. Láti ọdún 2000, orúkọ kọmíṣọ́nà, ìyẹn olórí MLB, ni: Bud Selig, kí ó tó kan Rob Manfred. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín.

Ẹ wá mú un lò. Babe Ruth kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1948. Bí orúkọ Warren Giles bá wà lára bọ́ọ̀lù tí wọ́n ní Ruth buwọ́ lù, òkú ló dìde wá kọ ọ́. Jackie Robinson kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, Roberto Clemente sì kú nínú ọkọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún yẹn kan náà, nígbà tó ń kó ìrànwọ́ lọ fún àwọn tí ilẹ̀ mì lára wọn ní Nicaragua. Ilé iṣẹ́ Rawlings kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́ọ̀lù fún líìgì méjèèjì títí di 1977. Bọ́ọ̀lù líìgì Rawlings pẹ̀lú orúkọ Clemente, ẹ dá a padà.

Òwú náà ń sọ̀rọ̀. Ṣáájú 1934, àwọ̀ méjì ni òwú bọ́ọ̀lù líìgì: pupa pẹ̀lú búlúù fún American League, pupa pẹ̀lú dúdú fún National League. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ di pupa.

Ẹ wá bọ́ sórí yíǹkì. Oṣù kẹwàá 1945 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé báírò sórí àtẹ ní New York, máákà Sharpie kò sì dé títí di 1964. Lou Gehrig, ìràwọ̀ Yankees, kú ní oṣù kẹfà ọdún 1941. Gehrig tí wọ́n fi báírò kọ, ẹ má tilẹ̀ bi wọ́n ní iye rẹ̀.

Àwọn kan wà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe jìbìtì níbẹ̀ o. Láyé àtijọ́, àwọn ọmọ tó ń tọ́jú yàrá ìmúra ẹgbẹ́ máa ń buwọ́ lùwé fún àwọn ìràwọ̀ tí ọwọ́ wọn dí; wọ́n á jókòó ti páálí bọ́ọ̀lù, wọ́n á máa kọ orúkọ Mickey Mantle lọ. Bọ́ọ̀lù náà gidi ni, ọdún rẹ̀ pé, yíǹkì rẹ̀ pé, ẹgbẹ́ ló fi ránṣẹ́ sí olólùfẹ́. Ọwọ́ nìkan ni kì í ṣe ti Mantle. Òǹtẹ̀ kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹni tó mọ ọwọ́ kíkọ ló lè yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn àwọn ilé iṣẹ́ bíi PSA, JSA tàbí Beckett.

Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì blacklight (iná ultraviolet) kékeré kan, kò wọ́n. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ́míkà tó ń mú nǹkan funfun sínú ìwé àti òwú, kẹ́míkà náà a sì máa tàn yòò ní àwọ̀ búlúù lábẹ́ iná yìí nínú òkùnkùn. Fọ́tò “ọdún 1920” tó bá tàn báyìí kì í ṣe ti 1920. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú aṣọ: ọṣẹ ìfọṣọ ní kẹ́míkà kan náà nínú, jẹ́sì gidi tí ìyá arúgbó kan fọ̀ ní 1975 lè tàn bí àtùpà. Ẹ̀rí kan ni tọ́ọ̀ṣì náà, kì í ṣe ìdájọ́.

Báàtì

Èmi fúnra mi, báàtì ni mo fẹ́ràn jù, torí igi kì í gbàgbé ohun tí wọ́n fi ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú ti àtijọ́, Hillerich & Bradsby ní ìlú Louisville, Kentucky, ló ṣe é, orúkọ Louisville Slugger sì ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Àmì ilé iṣẹ́ àárín báàtì ń yí padà láti sáà dé sáà, ìwé àwọn olùkójọ sì to àwọn àmì náà lọ́dọọdún. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ṣé àmì yìí wà nígbà tí agbábọ́ọ̀lù náà ṣì ń gbá?

Ẹ yí i padà, ẹ wo kókó ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà bíi 33 tàbí 34 tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ mọ́ ọn, gígùn rẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún oníbàárà, báàtì ìsọ̀ sì ni. Lára ti àwọn tó ń gbá a jẹun, lẹ́tà àti nọ́ńbà lẹ óò rí, irú bí R43 tàbí P72. Lẹ́tà náà dúró fún orúkọ ìdílé ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ irú báàtì bẹ́ẹ̀ fún: R43 ti Ruth ni. Ẹlòmíràn lè wá bèèrè fún irú rẹ̀, bí Derek Jeter ṣe lo P72 tí wọ́n gbẹ́ fún ẹlòmíràn tipẹ́tipẹ́. Nọ́ńbà jẹ́sì agbábọ́ọ̀lù náà sì lè wà lórí kókó yìí, tí wọ́n fi máákà kọ.

Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ilé iṣẹ́ náà tọ́jú àkọsílẹ̀ gígùn àti ìwúwo báàtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, àwọn aláyẹ̀wò sì ń lò ó. Igi máa ń gbẹ, nítorí náà báàtì ọlọ́jọ́ pípẹ́ lè fi owúǹsì kan tàbí méjì fúyẹ́ ju àkọsílẹ̀ lọ. Ruth máa ń lo báàtì tó ju 40 owúǹsì lọ. Bí wọ́n bá gbé báàtì Ruth tó wúwo tó 33 owúǹsì wá, gbígbẹ kọ́ ló jẹ èyí tó kù.

Lẹ́yìn náà ni ìlò. Ẹ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ẹ mú báàtì náà lọ́rùn, kí ẹ sì yí i díẹ̀díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lára rẹ̀. Ẹ óò rí ibi tí bọ́ọ̀lù ti kàn án, tí ojú rírán bọ́ọ̀lù tẹ àmì wínníwínní sínú igi. Ẹni tó ń gbá a jẹun máa ń fi ojú kan náà gbá a, nítorí náà àwọn àmì yìí á kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n bá fọ́n ká yí báàtì po bákan náà, ẹ fura pé ọmọdé ló ti lò ó lẹ́yìn ilé. Ìlà ọ̀dà aláwọ̀ ewé tàbí búlúù tó gba orí rẹ̀ kọjá wá láti ara pákó tí wọ́n ń kó báàtì sí. Ihò ṣóńṣóńṣó mélòó kan lè jẹ́ ti bàtà, torí wọ́n máa ń fi báàtì gbá iyanrìn kúrò nídìí bàtà onírin. Ọ̀dà páìnì lẹ óò rí ní ibi ìdìmú; òfin kò jẹ́ kó kọjá íńṣì 18, òun ló dá ìjà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fagi lé home run George Brett ní Yankee Stadium ní oṣù keje 1983, kí líìgì tó dá a padà fún un.

Èyí tí mo fi ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni báàtì tí òṣìṣẹ́ Louisville kọ nǹkan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Agbábọ́ọ̀lù á dá báàtì tó ti ya padà sí ilé iṣẹ́ pé irú èyí ni kí wọ́n tún gbẹ́ fún òun. Òṣìṣẹ́ á gbà á, á fi kéréyọ́ọ̀nù kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára, á sì tò ó tì. Kò sẹ́ni tó ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti fi pawó nígbà yẹn. Ẹ má ṣe nù ún, ẹ má sì ṣe kùn ún.

Jẹ́sì

Aṣọ onírun àgùntàn ni gbogbo ẹgbẹ́ ń wọ̀ títí di oṣù keje 1970, nígbà tí Pittsburgh Pirates gbé aṣọ tó ń fà wọ pápá wọn tuntun. Láàárín ọdún mélòó kan, gbogbo ẹgbẹ́ ti tẹ̀ lé wọn. Ẹ fi ìyẹn ya ọ̀pọ̀ irọ́ sọ́tọ̀. Chicago White Sox ló kọ́kọ́ kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù sẹ́yìn jẹ́sì, ní 1960. Yankees ní tiwọn kì í kọ ọ́ sára jẹ́sì tí wọ́n máa ń wọ̀, nílé tàbí lẹ́yìn odi. Jẹ́sì Yankees tó bá ní “JETER” lẹ́yìn, láti ìsọ̀ ló ti wá. Nike kò sí lára jẹ́sì eré títí di 2020. Majestic ló wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Jẹ́sì àtijọ́ kì í sinmi bọ̀rọ̀. Bí sáà bá parí, ẹgbẹ́ ńlá á kó wọn fún ẹgbẹ́ kéékèèké tó wà lábẹ́ wọn, wọ́n á tú orúkọ ẹ̀yìn, wọ́n á lẹ ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ yí inú aṣọ síta, kí ẹ sì wá àpá ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́. Àpá náà kò bà á jẹ́, ó lè jẹ́ ẹ̀rí pàápàá, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti tún un rán láti dá a padà sí bó ṣe wà, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó.

Fọ́tò ló ń parí ẹjọ́. Ẹ wá fọ́tò tó mọ́ kedere nínú àkójọ bíi Getty Images, kí ẹ má wo ojú agbábọ́ọ̀lù rárá. Lára jẹ́sì onílà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wo ibi tí ìlà ti gba abẹ́ àmì àyà kọjá, kí ẹ ka ìlà láti ibẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì. Ẹni tó rán an fi ọwọ́ tò ó ni, kò lè to méjì bákan náà délẹ̀. Ẹ wo bí igun nọ́ńbà ṣe tẹ̀, òwú tó já, àbàwọ́n tí kò kúrò. Ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó bá ara mu ni kí ẹ wá, kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi MeiGray àti Resolution Photomatching ń ṣe é fún owó, ó sì yẹ kí ẹ gbé ọjà olówó ńlá tọ̀ wọ́n lọ.

Nípa 42: láti 2009, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin, gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló ń wọ nọ́ńbà Jackie Robinson láìsí orúkọ. Sítíkà MLB nìkan ló sábà ń sọ ẹni tó wọ èwo.

Káàdì, ní kúkúrú

Wọ́n ti kọ̀wé tó lórí káàdì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ kàn rántí Honus Wagner T206, káàdì inú páálí sìgá láti nǹkan bí 1909. Ọ̀kan nínú wọn ni káàdì àkọ́kọ́ tí PSA fún ní máàkì, ní 1991, ó sì gba 8 nínú 10. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a: ní 2013 ni Bill Mastro, tó ti ní káàdì náà rí, jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ pé òun ti fi nǹkan rẹ́ etí rẹ̀, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n 20 oṣù ní 2015.

Ibi tí a ti ń rà, àti bí a ṣe ń sanwó

Ilé gbàǹjo ńlá bíi Heritage, REA àti SCP máa ń fi owó tiwọn kún iye tí ẹ pè. Ó sábà máa ń tó ogún nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ẹgbẹ̀rún dọ́là tí ẹ pè lè di 1,200, kí owó ìfiránṣẹ́ àti owó orí tó dé. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ara yín tó gbóná.

Ìwé ẹ̀rí tí olùtajà fúnra rẹ̀ tẹ̀ kò wúlò. Òun ló ń tajà, òun náà ló ń jẹ́rìí. Èyí tó ti ọ̀dọ̀ aláyẹ̀wò wá pàápàá, ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí ìkànnì wọn, kí ẹ sì fi fọ́tò ibẹ̀ wé ohun tó wà lọ́wọ́ yín, torí àwọn oníjìbìtì mọ bí a ṣe ń da nọ́ńbà gidi kọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: ọwọ́ ta ló ti wá, ṣé àtúnṣe wà, ṣé aláyẹ̀wò kan ti kọ̀ ọ́ rí? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló máa ń mú wọn sọ pé àwọn ń bọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi Zelle sanwó kíákíá kí ẹlòmíràn tó rà á, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà rà á. Káàdì ìrajà àwìn dára jù, ẹ lè pe báńkì lẹ́jọ́.

Lẹ́tà àti fọ́tò ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní ewu tirẹ̀: ọ̀pọ̀ ló ti sọnù nínú àkójọ béésìbọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní Spalding, tó wà ní New York Public Library. Bí ẹ bá rí òǹtẹ̀ ilé ìkàwé tàbí ibi tí wọ́n ti họ òǹtẹ̀ kúrò, ẹ gbé ọwọ́ kúrò.

Nígbà tó bá délé

Ìmọ́lẹ̀ ló ń pa yíǹkì. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n buwọ́ lù kò gbọ́dọ̀ wà lójú fèrèsé, inú àpótí tó ń dí ultraviolet pàápàá. Ẹ má fi ohunkóhun kun bọ́ọ̀lù. Àwọn ará àtijọ́ fi ṣẹ́láàkì kun tiwọn láti dáàbò bò ó, gbogbo rẹ̀ sì ti pọ́n. Jẹ́sì kì í di fífọ̀, torí ìdọ̀tí rẹ̀ wà lára ohun tí ẹ san owó fún. Ẹ tẹ́ ti irun àgùntàn sílẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ìwé tí kò ní ásíìdì, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò nítorí kòkòrò. Àjà òkè ilé àti yàrá abẹ́ ilé kò dára: ooru lókè, ọ̀rinrin nísàlẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọjà, nọ́ńbà sítíkà, rìsíìtì àti lẹ́tà aláyẹ̀wò, kí ẹ kó wọn sí fáìlì kan tí kì í sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú ọjà. Ẹ pe ilé iṣẹ́ ìbánigbófò, torí ìwé ìbánigbófò ilé lásán sábà máa ń fi iye díẹ̀ mọ fún irú nǹkan báyìí. Kí ẹ sì fi fáìlì náà han ìyàwó tàbí ọkọ yín, àti ọmọ kan ó kéré tán, kí wọ́n má baà gbé báàtì tí òṣìṣẹ́ Louisville kọ nǹkan sí lára síwájú ilé ní ọjọ́ Sátidé kan, kí wọ́n tà á ní dọ́là márùn-ún pẹ̀lú àwọn abọ́ àtijọ́.